Ògiri Onígíláàsì Ilé Ọtí Heron

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kẹta 1996
Wọ́n fẹ́ wó Heron. Doreen tó ń bójú tó ilé ọtí náà ló sọ fún wa. Wọ́n fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. Ilé 1923, ihò èéfín mẹ́fà lórí òrùlé, pápá tí a ti ń yí bọ́ọ̀lù lórí koríko lẹ́yìn! Orí wọn ò pé. Láti ìgbà tí Ivy ìyàwó mi ti kú, ibo ni mo tún ń lọ?

Ọjọ́bọ̀, 7
Ìjọba rán obìnrin kan wá wò ó bóyá ilé náà tó ohun tí òfin lè dáàbò bò. Onítéèpù ni mo sọ ọ́. Ó wọn gbogbo nǹkan, títí kan ilé ìtọ̀. Ó ní ògiri onígi àti gíláàsì aláwọ̀ tó pín bárà, ibi tí a ti ń mutí, sí méjì ló ṣe pàtàkì jù, kò sì sí mọ́. Láìsí i, òun ò rò pé wọ́n á gbà. Doreen bi wá bóyá a mọ ibi tó wà. Mo tẹjú mọ́ ife bíà mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 8
Ilé ẹyẹlé mi ló wà.

Ọjọ́ Àìkú, 10
Òótọ́ rèé. Ní 1969 wọ́n gba èmi káfíńtà pé kí n tú ògiri náà, kí n sì sun ún. Inú mi dùn láti tú u. Àwọn ọ̀gá ló ń jókòó lápá ọ̀hún. Ìṣojú mi ni wọ́n ti lé bàbá mi jáde níbẹ̀ torí bàtà iṣẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbẹ́ igi yẹn mọṣẹ́. Mi ò lè sun ún, mo fi ṣe ògiri ilé ẹyẹlé mi. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni ẹyẹlé ti ń yàgbẹ́ sí i lára. Kí èmi náà wá fọwọ́ ara mi dá a padà?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12
Mo jẹ́wọ́ fún Doreen. Ó ní, “Bàbá Wilf, ẹ̀yin olè yìí.” Ó rẹ́rìn-ín, ó tún sunkún.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16
Ẹyẹlé ti lọ sọ́dọ̀ Ned àbúrò mi. Doreen fọ igi náà tọ́wọ́ rẹ̀ fi bó. A gbé e wọlé — ó bọ́ sójú ihò rẹ̀ nílẹ̀ wẹ́rẹ́. Mo rántí bàbá mi, inú bí mi díẹ̀. Mo rìn lọ sápá ọ̀hún, mo rìn padà. Kò sẹ́ni tó lé mi.

Ọjọ́rú, 20
Onítéèpù padà wá. Ó bi mí ta ló tú u. Mo ní èmi ni. Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 26 Oṣù Kẹrin
Lẹ́tà dé. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wó Heron mọ́! Doreen kà á sókè ní bárà, títí dé ibi tí wọ́n kọ ọ́ pé káfíńtà àdúgbò, Ọ̀gbẹ́ni Wilfred Hadley, ló tọ́jú ògiri náà láti 1969. Tọ́jú kẹ̀! Ojú tì mí, mo fẹ́ sọ òótọ́ fún gbogbo wọn. Doreen tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. Mo panu mọ́. Nígbà tó yá, mo ní kó tún ibẹ̀ kà.