Ọ̀rọ̀ Kọ́kọ́rọ́ Bọ́ọ̀sì

                                        Ẹ̀yìn Gáréèjì Oǹdó,
                                        Orè,
                                        Ìjọba Ìbílẹ̀ Òdìgbò,
                                        Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Ọ̀wàrà, 2024.

Gàzálì, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Àsàlámù àlékùn. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Karimat ìyàwó wa ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti fi í lọ́rùn sílẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ìyá wa ní Ìwó ńkọ́, ṣé ara wọn ń mókun? Mo kí gbogbo yín kú òjò. Bí o bá fẹ́ bi èmi náà bóyá mo sùn dáadáa, jọ̀wọ́, fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Òun gan-an ni mo tìtorí rẹ̀ kọ ìwé yìí.

Ọjọ́ tí o pè mí lórí fóònù, tí ò ń ṣe "halóò, halóò", tí o bú nẹ́tíwọ́ọ̀kì títí ó fi sú ọ, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò ṣẹ̀ ọ́ o. Oorun ló gbé mi lọ. Mo gbọ́ ibi tí o ti ní bí òjò bá dá, kí n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Ùsmọ́n tó ń wakọ̀ dípò mi, kí n padà sórí bọ́ọ̀sì rẹ tí mo ń wà tẹ́lẹ̀. Mo gbọ́ pé o ti ra bátìrì tuntun sílẹ̀ dè mí. Èyí tí o sọ lẹ́yìn ìyẹn ti di ti inú àlá. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí n kọ èsì mi sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìka méjì péré ló ń gbọ́ràn sí mi lẹ́nu lọ́wọ́ ọ̀tún. Bí ìlà kan bá wọ́, má rò pé mo ti ń mutí.

O mọ bí mo ṣe já bọ́ láti orí bọ́ọ̀sì náà ní Araròmí-Obu, níbi tí mo ti ń di ọ̀gẹ̀dẹ̀ mọ́ òrùlé rẹ̀. Ọrùn ni mo fi gúnlẹ̀. Nígbà tí mo tún dìde fi ọ̀pá rìn, gbogbo yín dúpẹ́, èmi náà dúpẹ́, a rò pé ó ti parí síbẹ̀. A kò mọ̀ pé iṣan inú ọrùn tó ń jíṣẹ́ ọpọlọ fún àyà pé kó máa mí ti fara pa pẹ̀lú. Dókítà tó ń tọ́jú mi ló ṣàlàyé rẹ̀. Bí ojú mi bá là, mò ń mí. Bí mo bá sùn, àyà á gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀. Màá dákẹ́ pátápátá, màá tún fò sókè bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú odò. Bẹ́ẹ̀ ni títí ilẹ̀ á fi mọ́. Èmi kì í tilẹ̀ mọ̀. Mo kàn ń jí pẹ̀lú orí fífọ́, á wá rẹ̀ mí bí ẹni tó wa mọ́tò dé Kánò.

Sàádátù ìyàwó mi ló mọ̀. O ṣáà rántí bó ṣe máa ń fẹjọ́ híhanrun mi sùn ọ́, pé mò ń ké bí ẹ̀rọ ìlọta. Ní báyìí, bí mo bá ń hanrun, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀, á sùn. Bí mo bá dákẹ́ ló máa ń ta jí, tí á gbá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ti rù, Gàzálì. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó wà ní Ajue ní ogun ojú oorun ni, pé àwọn kan ló ń wá gùn mí láyà. N kò bá wọn jiyàn mọ́, ó ti rẹ̀ mí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń pè ní "ó le kú, ìjà Orè", kó wá wo èmi àti oorun lọ́sàn-án gangan. Mò ń sùn nídìí oúnjẹ. Mò ń sùn lórí àga tí mo fi ń kírun ní mọ́ṣáláṣí. Àwọn ará ibẹ̀ ní àdúà mi ti gùn, pé ìṣubú yẹn ti sọ mí di ẹni Ọlọ́run. N kò lè sọ fún wọn pé àlùwàlá mi ti bàjẹ́ tipẹ́.

Ní ọjọ́ ọjà tó kọjá, Ùsmọ́n ń kó èrò Oǹdó. Ó fẹ́ lọ kírun, ó ní kí n bá òun jókòó ti mọ́tò. Mo gun ìjókòó awakọ̀. N kò ní purọ́ fún ọ, inú mi dùn. Mo di sítíárìn mú, mò ń ro bí n óò ṣe gba Òdìgbò kọjá. Ibẹ̀ ni oorun ti bá mi, orí mi sì balẹ̀ sórí họ́ọ̀nù.

Ìwọ náà mọ ohun tí họ́ọ̀nù gígùn ń wí ní gáréèjì: mọ́tò ń lọ nìyẹn. Ni àwọn èrò bá sáré wọlé. Obìnrin kan gbé ọmọ rẹ̀ wọlé, ó jókòó sẹ́yìn mi. Họ́ọ̀nù ń ké ṣáá, wọ́n ń bú mi pé ṣé n kò rí i pé àwọn ti wọlé tán ni. Pamílẹ́rìn, rewáyà tó ń tún iná mọ́tò ṣe nítòsí, ló wá wojú mi, tó rí i pé àyà mi kò gbéra. Ó fa orí mi sẹ́yìn, ó gbá mi létí, mo bá mí.

Nígbà tí ojú mi là, obìnrin náà ń wò mí nínú jígí. Ó kàn pọn ọmọ rẹ̀, ó gbé àpò rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, ó lọ wọ mọ́tò mìíràn. Gàzálì, mo sunkún níbẹ̀. Ká ní ojú títì la wà ńkọ́?

Mo délé, mo ròyìn fún Sàádátù. Mo rò pé yóò pariwo. Ó jókòó tì mí, ó ní, "Bàbá Àzíìzàt, mo lè fara da ọkọ tí kì í wa mọ́tò, ṣùgbọ́n..." Ó dìde lọ wo ọbẹ̀ tó wà lórí iná. Kò parí ọ̀rọ̀ náà, èmi náà kò sì ní kó parí rẹ̀.

Nítorí náà, kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ Ùsmọ́n. Má fún mi. Mo mọ ara mi: bí òjò bá dá, tí mo gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì yẹn, n óò gbàgbé gbogbo ohun tí mo kọ yìí, n óò pè ọ́ pé ara mi ti le. N óò bẹ̀ ọ́. Mú ìwé yìí jáde, kí o kà á sí mi létí, kí o má ṣàánú mi.

Bátìrì tuntun yẹn ni mo fẹ́ tọrọ. Ilé ìwòsàn ti yá mi ní ẹ̀rọ kan tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí mi nímú bí mo bá sùn. Ọjọ́ tí iná bá wà, èmi àti Sàádátù á sùn bí ọmọ tuntun. Ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ iná ọ̀dọ̀ wa, à ń dágbére fún un ju bí a ṣe ń kí i káàbọ̀ lọ. Pamílẹ́rìn ní bátìrì mọ́tò lè gbé ẹ̀rọ náà di àárọ̀, pé òun á bá mi so ó. Èmi ni o ṣáà rà á dè. Jẹ́ kó máa jí èmi, dípò kó máa jí mọ́tò.

Sàádátù kí ọ, Ùsmọ́n kí ọ, gbogbo gáréèjì ń bèèrè rẹ. Bá mi kí Karimat àti àwọn ọmọ dáadáa, kí o sì bá mi dọ̀bálẹ̀ kí Ìyá wa. Bí o bá tún pè mí, tí o gbọ́ tí mo dákẹ́, má bú nẹ́tíwọ́ọ̀kì mọ́. Orúkọ mi ni kí o máa pariwo, títí n óò fi dáhùn.

                                        Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí oorun kò jẹ́ kó sinmi,
                                        Mùsbáù.