Bàbá, Mo Rí Omi ní Ìlú Dáyámọ́ńdì

Bàbá mi ọ̀wọ́n, ọkọ ìyá mi,

Ẹ kú àtijọ́ o. Mo mọ̀ pé bí ìwé yìí bá tẹ̀ yín lọ́wọ́, ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ wò ni bóyá ìlà ọ̀rọ̀ mi ti gún. Kò gún. Ìwé pírámárì tí ẹ fi owó aṣọ híhun rán mi lọ kà náà ló ṣì ń bẹ lọ́wọ́ mi; mi ò fi nǹkan kún un, mi ò sì jẹ́ kó jò dànù. Orí pèpéle sìmẹ́ńtì tí a fi bo sàréè yín ni mo jókòó sí, nínú agboolé wa ní Bẹ́yẹrúnkà. Ẹ má bínú pé mo gbé ìdí lé yín. Nígbà tí mo wà ní kékeré, èjìká yín náà ni mo kúkú ń gùn.

Ẹjọ́ kan ni mo kó wá. Mùìnátù, ọmọ mi obìnrin tí ẹ fi ẹnu ara yín sọ lórúkọ, ti di nọ́ọ̀sì. Ó ti fẹ́ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Kábò, ọmọ ìlú Bòtìswánà, nísàlẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà lọ́hùn-ún. Ó ní kí n palẹ̀ mọ́, kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ àwọn títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú ló ti ń sọ ọ́. Nísinsìnyí ó ti di dandan, ó ń retí èsì lẹ́nu mi. Àmọ́ ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tí ẹ sọ kí ẹ tó lọ. Ẹ ní kí wọ́n fi ààyè sílẹ̀ fún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín níbí. Ààyè náà wà. Tẹ̀tẹ̀ ló hù bò ó, àwọn ọmọ ilé ń já a sebẹ̀. Bí mo bá lọ, ta ni yóò sùn síbẹ̀? Ta ni yóò máa yọ yín lẹ́nu?

Ṣé ẹ rántí ẹ̀rọ omi ojúde wa? Bí ẹ bá ti kírun àsùbáà tán, tẹ̀yin ti kẹ́tùlù lọ́wọ́ yín, ibẹ̀ ni ẹ ń gbà lọ. Ẹ ó yí i, ẹ ó bẹ̀rẹ̀, ẹ ó fi etí sí ẹnu rẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti gbẹ nígbà náà. Àwọn tó mu omi rẹ̀ gbẹ̀yìn ti ń wá igi tí wọn ó máa fi tilẹ̀. Síbẹ̀ ẹ ó wí pé:

"Ó ń mí."

Èmi á ní, "Bàbá, bó bá ń mí, ẹ jẹ́ ká fẹ́ ìyàwó fún un."

Ẹ ó ju kẹ́tùlù mọ́ mi, ẹ ó sì máa rẹ́rìn-ín wọlé lọ. Korobá yín kò kúrò lábẹ́ rẹ̀ títí ẹ fi jáde láyé. Nígbà tí wọ́n ń pariwo epo rọ̀bì lórí rédíò, ẹ̀yin lẹ yọ̀ jù ní gbogbo àdúgbò. Ẹ ní ilẹ̀ tó bá lè sun epo, omi ò ní í ṣòro fún un. Mo ṣì ń gbọ́ ohùn yín. Kí lẹ rí tí ẹ fi gbà á gbọ́ tó bẹ́ẹ̀?

Lọ́dún tó kọjá ni Mùìnátù ní kí n kọ́kọ́ wá wo ibẹ̀ kí n tó fèsì. Bàbá, ilẹ̀ náà gbẹ! Ẹ̀gún ni igi wọn, iyanrìn ni ilẹ̀ wọn. Odò kan tí Kábò mú mi lọ wò, àwọn màlúù ń gba àárín rẹ̀ kọjá, ẹsẹ̀ wọn ò tutù. Mo ní ṣé odò nìyí? Ó ní odò ni, pé omi rẹ̀ ló rìnrìn àjò. Mo fẹ́ràn ọmọ náà láti ọjọ́ yẹn. Òjò jọ wọ́n lójú débi pé òun ni wọ́n fi sọ owó wọn lórúkọ: púlà. Bí inú wọn bá dùn, púlà ni wọ́n ń pariwo.

Kábò ní nígbà tí òyìnbó kó kúrò, kò sí ohun tí wọ́n fi lé wọn lọ́wọ́ ju màlúù tó rù àti ebi. Ọ̀nà ọlọ́dà kò tó nǹkan. Àṣé dáyámọ́ńdì wà lábẹ́ iyanrìn tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ohun tó sì yà mí lẹ́nu jù nìyí: àwọn ọba wọn ti fẹnu kò pé ohun tí wọ́n bá rí lábẹ́ ilẹ̀ ẹnikẹ́ni, ti gbogbo ìlú ni. Ọba tí wọ́n bá a lábẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ kò jà. Bàbá, ẹ fọkàn wò ó. Ká ní abẹ́ Òkè Mápó ni wọ́n ti rí dáyámọ́ńdì, agboolé mélòó ni yóò bá òkè náà tan kí ilẹ̀ tó ṣú? Èmi gan-an ìbá ti rántí pé ìyá-ìyá yín bímọ síbẹ̀.

Wọ́n tà á, wọ́n fi kọ́ ilé ẹ̀kọ́, wọ́n fi la ọ̀nà, wọ́n sì ri páìpù mọ́lẹ̀ láti ibi tí omi wà lókè réré, wọ́n fà á gba inú aṣálẹ̀ wá. Ibẹ̀ ni mo ti ṣe iṣẹ́ ọwọ́ mi.

Mùìnátù àti ọkọ rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́, wọ́n fi èmi nìkan sílẹ̀. Mo yí ẹ̀rọ ilé ìdáná wò. Omi tú jáde wààà! Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ọmọ Ìbàdàn ń ṣe bí ẹ̀rọ bá ṣí ẹnu. Mi ò tilẹ̀ ronú. Mo pọn korobá kún, mo pọn ìkòkò kún, mo pọn ọpọ́n ìwẹ̀ kún. Kúlà, kẹ́tùlù, ìgò, gbogbo rẹ̀. Nígbà tí mi ò rí nǹkan mọ́, mo pọn bàtà róbà tí Kábò fi ń lọ sí ọgbà màlúù, ẹsẹ̀ méjèèjì.

Ibi tí mo ti ń wá ohun mìíràn ni ìyá Kábò wọlé. Ilé kejì ni ó ń gbé, obìnrin gíga, arẹwà. Bí kì í bá ṣe pé àna mi ni, ìbá gbọ́ nǹkan lẹ́nu mi. Kò gbọ́ Yorùbá, èmi náà ò gbọ́ tirẹ̀. Ó nàka sí àwọn omi náà, ojú rẹ̀ béèrè pé kí ló dé. Èmi náà nàka sí ẹ̀rọ, mo tẹ́ ọwọ́ méjèèjì bí ẹni pé, ta ló mọ ìgbà tí yóò lọ? Obìnrin náà figbe ta, ó sáré jáde. Kí n tó mọ nǹkan kan, gbogbo àdúgbò ti ń gbé korobá. Bí gbogbo wọn ṣe ń pọn ọ́n lẹ́ẹ̀kan náà, omi bẹ̀rẹ̀ sí í fún tín-ín-rín, ó wá ń kán tó-tó.

Mùìnátù dé, ó wo ilé yí ká.

"Bàbá, kí lẹ ṣe?"

"Omi ni mo pọn."

"Ta ló ní omi fẹ́ lọ?"

"Ìgbà wo ni omi ń dágbére fún èèyàn kó tó lọ?"

Ó jókòó sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní níbẹ̀, òótọ́ ni pé omi máa ń dá nígbà mìíràn, àmọ́ wọn á ti kéde, wọn á sì sọ ọjọ́ tí yóò padà. Pé ní ọjọ́ náà, á padà. Bàbá, mo ní kó tún un sọ.

Ọ̀rọ̀ náà dé kọ́tílà. Ìyẹn ni ìpàdé ojúde baálẹ̀ wọn, lábẹ́ igi, kálukú á gbé àpótí tirẹ̀ wá. Wọ́n ní kí n ṣí fìlà. Èmi! Mo ṣí i, afẹ́fẹ́ sì fẹ́ sí mi lágbárí níbi tí kò fẹ́ dé láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú. Mínísítà kan wá jókòó sáàárín wọn. Mo ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ kí n rí ọlọ́pàá; dẹ́rẹ́bà rẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀, ó sì ń sùn. Ìyá Kábò dìde, Mùìnátù ń túmọ̀ sí mi létí, ó ní:

"Mínísítà, ẹ̀yin lẹ yẹ kí ẹ máa sọ ọ̀rọ̀ omi fún wa, àbí àlejò?"

Mo ti dijú, mo ń dúró de ìgbájú. Mínísítà dìde, ó ní kí wọ́n má bínú. Ó ní omi kò fẹ́ dá rárá, àmọ́ nígbà tí ọkàn wọn ò balẹ̀, ó yẹ kí wọ́n rí ẹni bi. Ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wá béèrè ẹni tó mú ìròyìn náà wá. Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi.

Mo dìde, Mùìnátù ń túmọ̀. Mo ní ní ìlú mi, bí ẹ̀rọ bá la ẹnu, a kì í jẹ́ kó pa á dé kí tiwa tó tẹ̀ wá lọ́wọ́. Pé bí etí Kábò bá ṣe é rọ omi sí, ìbá ti kún. Wọ́n rẹ́rìn-ín, inú mi ti ń dùn. Ìyá Kábò ló dá mi dúró.

"Àna mi, ṣé aṣálẹ̀ ni ìlú yín náà ni?"

"Rárá o! Òjò tiwa ń gbé afárá lọ."

"Ṣé kò sí nǹkan lábẹ́ ilẹ̀ yín ni?"

"Epo wà níbẹ̀. Ó pọ̀."

"Kí ló wá dé?"

Bàbá, ẹ̀yin lẹ sọ pé bí mo bá kú, wọn ó tún pa ẹnu mi lọ́tọ̀. Ẹ ìbá wà níbẹ̀. Mo wá èsì nínú àgbárí mi tó wà níta gbangba, mi ò rí ọ̀kan. Èmi tó ti fi ọba ṣẹ̀fẹ̀, tó ti fi àlùfáà ṣẹ̀fẹ̀! Obìnrin náà rí i. Ó wá dìde, ó di ọwọ́ mi mú, ó fi mí jókòó wẹ́rẹ́, ó sì pariwo "Púlà!" Gbogbo wọn dáhùn. Wọ́n ń bá mi tọrọ òjò ni, èmi tí òjò pọ̀ nílé mi!

Mi ò ní purọ́ fún yín, kì í ṣe ọ̀run. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wọn ò níṣẹ́. Kábò ní òyìnbó ti ń fi ẹ̀rọ ṣe dáyámọ́ńdì, ọjà wọn sì ń kú. Mùìnátù ní oògùn máa ń wọ́n wọn ní ọsibítù. Wọ́n bínú sí ẹgbẹ́ tó ti ń ṣèjọba láti ìgbà òmìnira, wọ́n fi ìbò lé e lọ. Ó sì lọ, Bàbá! Ó kó ẹrù rẹ̀, ó kí àwọn tó wọlé. Ẹnikẹ́ni ò sun táyà. Mo bi Kábò pé ìgbà wo ni ìjà wá bẹ̀rẹ̀. Kò yé e.

Ọjọ́ tí mo padà dé, òjò ńlá ló bá wa ní Ọjà'ba. Àgbàrá ń sáré sọ̀kalẹ̀ láti Mápó bí ẹṣin. Mo rí mẹ́rúwà kan tó ń ti ọmọlanke jẹ́rígọ́ọ̀nù rẹ̀ nínú òjò náà. Òjò ń lu mẹ́rúwà, mẹ́rúwà ń ta omi. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ìbéèrè obìnrin yẹn ni mo gbọ́.

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ kọ́tílà tèmi. Bí a bá ti kírun Jímọ̀ tán, kálukú á gbé àpótí rẹ̀ wá sí ìdí sàréè yín. Ẹ̀yin ni baálẹ̀, ẹ ò kúkú ní í sùn gbàgbé ìpàdé. A ránṣẹ́ pe kánsílọ̀. Ó rán ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, a ní kó lọ pe ẹni tó rán an. Nígbà tó wá fúnra rẹ̀, mo ní kó ṣí fìlà.

"Bàbá, kí ni mo ṣe?"

"O ò tíì ṣe nǹkan kan. Ìdí rẹ̀ gan-an tí a fi pè ọ́ nìyẹn. Yí ẹ̀rọ yẹn fún wa."

Ó fi ọwọ́ méjèèjì yí i. Aláǹtakùn ló jáde. Wọ́n hó lé e. Mo rò pé yóò ṣèlérí bí wọ́n ti máa ń ṣe, kò ṣèlérí. Ó wolẹ̀, ó ní òun ò mọ ibi tí páìpù ti já, òun ò sì bi ẹnikẹ́ni rí. Ó pẹ́ tí ẹnu olóṣèlú ti sọ òtítọ́ létí wa. Lẹ́yìn náà ló mú àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ wá. Wọ́n ti ń gbẹ́ ẹ bọ̀ láti ọ̀nà Bẹẹrẹ. Omi ò tíì yọ. Ó lè má yọ.

Mo ti fún Mùìnátù lésì. Mo ní kó tọ́jú owó ọkọ̀ òfurufú. Ọjọ́ tí korobá yín bá kún, n ó lọ kí wọn, n ó sì padà wá síbi tẹ̀tẹ̀ mi. Ó pariwo lórí fóònù, "Bàbá, ẹ̀yin àti ẹ̀rọ!" Ó sunkún díẹ̀. Ẹ bá mi gbàdúrà fún un. Ṣé mo ṣe é re?

Láàárọ̀ yìí, lẹ́yìn àsùbáà, mo mú kẹ́tùlù, mo gba ibẹ̀ lọ. Mo yí i. Mo bẹ̀rẹ̀, ó dùn mí ní ìbàdí, mo fi etí sí i. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ilé tó ń gbálẹ̀ ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká fi fóònù pè é wò." Mo ju kẹ́tùlù mọ́ ọn.

Àmọ́ mo gbọ́ ọ, Bàbá. Fẹ́ẹ́, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí.

Ó ń mí.

Èmi ni,
ọmọ yín tó jókòó lé yín, tí kò fẹ́ dìde.