Ìwé Òkúta Tí O Fi Rọ́bà Pa Rẹ́

                                        Yàrá Kẹrìnlá,
                                        Ilé Àwọn Obìnrin Akẹ́kọ̀ọ́.
                                        Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù Kẹfà.

Tíṣà, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Màmá ńkọ́, ṣé orúnkún ti fi wọ́n lọ́rùn sílẹ̀ díẹ̀? Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ ńkọ́? Ó dáa, mo ti kí ọ tán. Inú ń bí mi sí ọ. Mi ò pè ọ́ lórí fóònù torí èébú ni màá bú ọ, ni mo ṣe fi lẹ́tà yìí rán awakọ̀ tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín.

Ṣé o rántí Sátidé tí o wá kí mi, tí mo lọ wẹ̀, tí mo fi ọ́ sílẹ̀ nídìí tábìlì mi? Ìwé kékeré ẹlẹ́rẹ̀ tó wà níbẹ̀ ni mo gbé lọ síbi tí wọ́n ti la òkè láti fi ṣe ọ̀nà. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi dúró nínú oòrùn, tí mò ń wo bí òkúta ṣe tò léra wọn ní ìpele ìpele, tí mò ń fi kọ́ńpáàsì wọn ibi tí ìpele kọ̀ọ̀kan dagun sí. Bí mo bá ṣì í, màá fa ìlà kan ṣoṣo gba orí rẹ̀, màá kọ ìdí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́: òòlù mi sún mọ́ kọ́ńpáàsì jù, irin rẹ̀ fa abẹ́rẹ́ kúrò lọ́nà. A kì í pa nǹkan kan rẹ́ nínú ìwé yẹn, torí àṣìṣe wa ni ẹ̀rí pé a débẹ̀.

Ìwọ wá fi ojú tíṣà wò ó. O mú rọ́bà, o pa gbogbo àṣìṣe mi rẹ́, o tún fi bírò kọ lé orí pẹ́ńsù tó kù. Mo jáde ní balùwẹ̀, ò ń rẹ́rìn-ín, o ní o ti bá mi tún ìwé mi ṣe. Èmi òmùgọ̀ dúpẹ́, mi ò tilẹ̀ ṣí i wò. Ta ló rán ọ níṣẹ́? Ṣé o wá kí mi ni, àbí o wá máàkì mi?

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, olùkọ́ wa gbé ìwé náà sókè sójú fèrèsé níwájú gbogbo kíláàsì. Ibi tí rọ́bà ti họ bébà hàn kedere. Ó bi mí pé kí ni mò ń fi pamọ́, ó ní orí bẹ́ẹ̀dì ni mo ti ro àwọn nọ́ńbà yẹn jọ. Òdo ló fún mi. Tíṣà, bí mi ò bá yege nínú iṣẹ́ yìí, mi ò ní wọ ọdún kejì. Èmi tí mo fi iṣẹ́ ìránṣọ sílẹ̀ lẹ́ni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n láti wá kọ́ ẹ̀kọ́ nípa òkúta, tí gbogbo ará ilé ń bi mí pé kí ni wọ́n ń fi òkúta ṣe.

Mo sáré padà síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì láti tún un wọ̀n. Àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀nà ti rẹ́ sìmẹ́ńtì bo gbogbo ẹ̀gbẹ́ òkè náà kó má baà ya. Mo jókòó sílẹ̀ mo sunkún, bíríkìlà kan tilẹ̀ rò pé èèyàn mi ló kú. Wọ́n ní ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Irọ́ ni. Ìwọ lo dà á, ojú èmi ló kó sí.

Mo lọ bá olùkọ́, mo ní ọ̀rẹ́ mi ló ṣe é. Ó ní gbogbo ẹni tó bá gba òdo ló máa ń ní irú ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní bí ọ̀rẹ́ náà bá wà lóòótọ́, kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sí ọ́fíìsì òun lọ́jọ́bọ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀, kó wá sọ ohun tó pa rẹ́ lójú ewé kọ̀ọ̀kan.

Mo mọ̀ pé o ní kíláàsì lọ́jọ́ náà, mo sì mọ̀ pé ọ̀gá yín kì í gbà fún èèyàn. Kò kàn mí. Láti kíláàsì kìíní tí a ti jọ wà, o ò gbàgbé àṣìṣe mi kan rí, gbogbo rẹ̀ lo fi ń ṣe mí ní yẹ̀yẹ́. Jókòó, kó o rántí tọ̀tẹ̀ yìí.

Bá mi kí ọkọ rẹ. Bá mi kí Màmá, àmọ́ má sọ fún wọn o, wọn ò ní lè sùn. Bí o bá wọlé lọ́jọ́bọ̀, mi ò mọ̀ bóyá màá dì mọ́ ọ ni tàbí màá gbá ọ létí. Ṣáà wá.

                                        Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí inú ń bí,
                                        Oníòkúta.