Èmi Ni Mo Sọ Pé Omi Kànga Náà Dára

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, ẹ má bi mí lórúkọ. Irọ́ ni mo pa, obìnrin kan sì ti bá irọ́ náà lọ, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ àfi èmi àti Ọlọ́run... ọkàn mi ò gbà á mọ́.

Tíṣà ni mí nílé ìwé ìjọ kan ní Ìlá. Èmi náà ni akọ̀wé ẹgbẹ́ tó gbẹ́ kànga sí àdúgbò wa. Ẹni tí sòbìà kò bá mú rí kò lè mọ bí kànga yẹn ti dùn mọ́ wa tó. Odò tí à ń pọn tẹ́lẹ̀ ni sòbìà ti ń wá, àgbàlagbà á dùbúlẹ̀ lásìkò iṣẹ́ oko, àwọn ọmọ kíláàsì mi á máa fìdí wọ́ wá sílé ìwé. Èmi ni mo kọ lẹ́tà sí àwọn ọmọ ìlú wa tó wà ní Èkó àti Ìbàdàn títí wọ́n fi ràn wá lọ́wọ́, tí a fọ́ àpáta, tí a kan omi. Omi náà mọ́ gaara. Sòbìà tán. Bí mo bá ń kọjá, àwọn ìyá àgbà á máa ṣàdúrà fún mi.

Lẹ́yìn bí ọdún mẹ́jọ, eyín àwọn ọmọ tí a bí sídìí kànga náà bẹ̀rẹ̀ sí í ní àmì rúsúrúsú. Dókítà òyìnbó kan wá fún wọn ní abẹ́rẹ́ àjẹsára nílé ìwé, ó ní kí wọ́n yanu, ó bi mí pé omi wo ni wọ́n ń mu, ó bu omi náà sínú ìgò, ó gbé e lọ sí Ìbàdàn.

Lákòókò yẹn náà ni gẹ̀gẹ̀ yọ sí Àbẹ̀kẹ́ lọ́rùn. Ìyàwó àbúrò mi ni, ọmọ Ìgbájọ, oníwà pẹ̀lẹ́. Gẹ̀gẹ̀ náà ń tóbi, ohùn rẹ̀ ń há, òtútù ń mú un nínú oòrùn, oorun ni ṣáá, oyún sì bàjẹ́ lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá wa ní ohun tó ń jẹ lóru ló há sí i lọ́fun. Ẹ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí...

Ni lẹ́tà dókítà bá dé, ní èdè òyìnbó, sọ́wọ́ èmi akọ̀wé. Ó ní ohun kan wà nínú omi náà tí wọ́n ń pè ní fuloráìdì, ó ti pọ̀ jù, òun ló ń ba eyín àwọn ọmọ jẹ́. Ó ní ó ṣeé ṣe kó máa yọ ẹ̀yà ara tó wà lọ́fun lẹ́nu pẹ̀lú, òun ò lè búra, ṣùgbọ́n bí ọrùn ẹnikẹ́ni bá ń wú, kí n tètè mú un wá kí òun yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á. Mo sọ fún ara mi pé bí mo bá kà á fún wọn, odò ni wọ́n máa padà sí. Òótọ́ ni... ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òótọ́ nìyẹn. Wọ́n fẹ́ sọ mí di ọ̀gá ilé ìwé lọ́dún yẹn, orúkọ mi sì wà lára sìmẹ́ǹtì kànga náà.

Lẹ́yìn ìsìn Sunday, àwọn àgbà bi mí pé, "Tíṣà, kí ni òyìnbó wí?"

Mo ní, "Ó ní omi náà dára. Kí àwọn ọmọ ṣáà máa run orín dáadáa."

Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ẹbí fi jókòó lórí ọ̀rọ̀ Àbẹ̀kẹ́. Ó kúnlẹ̀ síwájú mi, ó ní, "Bùọ̀dá Tíṣà, ẹ̀yin lẹ kàwé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn pé àìsàn ni." Lẹ́tà náà wà nínú àpótí mi ní yàrá kejì. Mo wolẹ̀. Mo ní ohun tí Ìyá bá wí la ó ṣe. Wọ́n gba ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́ta kúrò lẹ́yìn rẹ̀, àbúrò mi ń sunkún, ó sì ń gbé ẹrù rẹ̀ sínú lọ́rì Ìgbájọ.

Ọyẹ́ ò tíì kásẹ̀ nílẹ̀ tí ìròyìn fi dé. Gẹ̀gẹ̀ náà fún un lọ́fun, èémí ò lọ dáadáa mọ́, ojú ọ̀nà ilé ìwòsàn ló kú sí. Ìyá wa ní, "Ṣé ẹ rí i?"

Wọ́n sọ mí di ọ̀gá ilé ìwé. Dókítà náà ti padà sí ìlú rẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá omi náà ló pa á, ọ̀pọ̀ ló ń mu ún tí ọrùn wọn ò wú... ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé dókítà ní kí n mú un wá. Àbúrò mi ti fẹ́ ẹlòmíràn, ìyàwó tuntun náà sì ti lóyún. Láràárọ̀ ló ń bu omi tó kọ́kọ́ fà wá fún mi, á kúnlẹ̀, á ní kí n mu. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo wo ọrùn rẹ̀, ó dà bíi pé ó ń nípọn. Mo gba ife náà, mo mu ún.

Ṣé kí n sọ fún àbúrò mi? Ṣé kí n lọ dọ̀bálẹ̀ fún àwọn òbí Àbẹ̀kẹ́ ní Ìgbájọ? Bí mo bá sọ ọ́, tí wọ́n padà sí odò, tí sòbìà dé ńkọ́? Ọmọ Àbẹ̀kẹ́ ti wà ní kíláàsì kìíní nílé ìwé mi báyìí, wọ́n ti sọ fún un pé àjẹ́ ni ìyá rẹ̀. Kí ni kí n sọ fún un? Ẹ bá mi dá sí i, ẹ jọ̀ọ́.