Ìyá Ṣàkírù, Hàfísátù Ní Òun Fẹ́ Dá Wọ Kílásì

Ìyá Ṣàkírù, Ràhímátù mi, ọdún mẹ́ta gérégé rèé tí o kúrò láàárín wa. Ọdún mẹ́ta! Àwọn ọmọ ní kí n kọ ọ̀rọ̀ tí a ó kà fún ẹbí lẹ́yìn àdúrà, pé èmi ni mo lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì nínú wa. Mo mú bírò, mo fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ nípa ilé àti oko. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí, Ìyá Ṣàkírù. Bí ẹ̀rù bá ń bà mí, ìwọ ni mo máa ń sọ fún.

Kí n kọ́kọ́ jíṣẹ́ ilé. Ilé ẹ̀yìn tí o fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ti parí, a ti kan páànù sí i. Fàtímọ̀ ọmọ rẹ ló ń bójú tó ilé gààrí rẹ. Àwọn obìnrin ìlú Lagbé ṣì ń gbé gbágùúdá wọn wá síbẹ̀, wọ́n ṣì ń pè é ní tìrẹ. Ṣàkírù àti ìyàwó rẹ̀ wà ní Kútọnu lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀pẹ tó wà lẹ́bàá ọ̀nà Daagbé ti ń so. Gbogbo ìyẹn dára. Kì í ṣe ìyẹn ló ń lé oorun lójú mi.

Hàfísátù ni.

Ọmọ Ṣàkírù tí o gbà tọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti já a lẹ́nu ọmú, ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́jọ. O mọ̀ ọ́n ju gbogbo wa lọ. O mọ̀ pé bí ariwo bá bú gbàù, ara rẹ̀ á gbọ̀n bí ara ẹni tí wọ́n da omi gbígbóná sí. O mọ̀ pé ojú ìránṣọ lásán ń gún un bí ẹ̀gún, ìdí nìyẹn tí o fi máa ń yí inú aṣọ rẹ̀ síta kí o tó wọ̀ ọ́ fún un. Mo máa ń bá ọ jà. Mo ní o ń ba ọmọ jẹ́. O kì í bínú. Wàá kàn ní, “Bàbá Ṣàkírù, ẹ wo ọmọ ná, kí ẹ tó wo aṣọ.”

Mi ò wo ọmọ. Ìwọ lọ, ó wá ku èmi pẹ̀lú rẹ̀.

Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́fà, tí ilé ẹ̀kọ́ fẹ́ wọlé, mo ra kàkí tuntun fún un. Ohun tí bàbá mi ṣe fún mi ni mo ṣe. Mo lọ sí ilé gààrí, mo bu ìyẹ̀fun funfun tó máa ń silẹ̀ sísàlẹ̀ omi gbágùúdá, mo fi omi gbígbóná rò ó bí ẹ̀kọ, mo ri kàkí náà bọ inú rẹ̀, mo sá a sóòrùn, mo sì fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ̀ ọ́. Kàkí náà le débi pé ó lè dá dúró nílẹ̀. Nínú ìdílé wa, bí ọmọ bá ti wọ irú aṣọ bẹ́ẹ̀ jáde, gbogbo ayé á mọ̀ pé ó lẹ́ni. Mo rò pé ìfẹ́ ni mo wọ̀ sí i lọ́rùn.

Ó sunkún láti inú yàrá. Ó ní aṣọ náà ń jẹ òun. Mo nà án ní pàṣán méjì. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó síbí, ẹ ò mọ̀. Mo ń sọ ọ́ lónìí.

Mo fà á dé ilé ẹ̀kọ́, mo fi í sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo yí padà. Irin ẹsẹ̀ ọkọ̀ kan tí wọ́n so mọ́ igi máńgòrò ni agogo wọn. Ó dún lẹ́yìn mi. Igba ọmọ ló hó lẹ́ẹ̀kan náà tí wọ́n ń sáré lọ tò. Mi ò bojú wẹ̀yìn. N kò tíì dé ojú ọ̀nà oko tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi láti ọ̀dọ̀ dírẹ́kítọ̀, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà, pé ọmọ ti sá lọ. Nídìí máńgòrò ni mo ti bá kàkí náà. Ó ti fa bọ́tìnnì rẹ̀ já.

Ìyá Ṣàkírù, mo ti rí ọ̀pọ̀ nǹkan láyé. Mo rí ikú tìrẹ. Irú ẹ̀rù ọjọ́ yẹn kò bà mí rí! Mo sáré dé títì, àwọn tó ń fi alùpùpù kó epo láti ẹnubodè ń kọjá lọ fìà, fìà, jálá epo yí wọn ká. Mo ń dá wọn dúró, mo ń bi wọ́n bóyá wọ́n rí ọmọbìnrin kékeré kan. Ọ̀kan ní, “Bàbá, àbí ìyàwó tuntun ló sá fún yín?” Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Mo ti sáré kọjá wọn lọ. Gbogbo kànga tó wà láàárín ilé ẹ̀kọ́ sí ilé wa ni mo yọjú sí. Gbogbo wọn! Ní ẹnu kànga kọ̀ọ̀kan, ìwọ ni mò ń bẹ̀.

Fàtímọ̀ ló rí i, lọ́wọ́ ọ̀sán. Inú ilé gààrí ló wà. Ó ti há ara rẹ̀ sáàárín àpò gààrí méjì, ó sì fa ẹ̀kẹta wó lé ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Bí òkìtì àpò tó kù, tó ga ju orí rẹ̀ lọ, bá ti yẹ̀, òkú ọmọ la ò bá gbé jáde. Fàtímọ̀ kígbe, ó fẹ́ gbé àpò kúrò. Ọmọ náà ní, “Ẹ fi í sílẹ̀, Àǹtí. Ó ń dì mí mú.” Ó ń mí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bí ẹni tó ti délé. Mo wá rántí bí o ti máa ń fún un mọ́ àyà pinpin nígbà tí ara rẹ̀ kò bá balẹ̀, tí èmi máa ń ní àkẹ́jù ni.

Kò padà sí ilé ẹ̀kọ́ lọ́dún náà. Ẹnu àwọn èèyàn kò dákẹ́. Àwọn kan ní ẹlẹ́gbẹ́ ọ̀run ni. Ìbátan wa kan, n ò ní dárúkọ rẹ̀, mọ ibì kan tí wọ́n ti ń so irú wọn mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta tí gbogbo rẹ̀ á fi jáde lára wọn. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà, Ràhímátù. Dárí jì mí. Mo ti di ẹrù rẹ̀ pàápàá.

Olùkọ́ ló gbà wá. Madámù Clémentine, tó ń kọ́ kílásì kìíní, gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sílé. Ó jókòó sórí àpótí rẹ, ó wo ọmọ fún ìgbà pípẹ́, ó ní, “Bọ̀n, Pàpá. Orí ọmọ yìí pé. Etí rẹ̀ ló ń gbọ́ jù, awọ ara rẹ̀ ló ń mọ̀ jù. Orí tiyín ni ẹ máa kọ́kọ́ tún ṣe.” Ẹnikẹ́ni kò bá mi sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí nínú ilé mi.

Ó ní kí n fọ kàkí náà títí á fi rọ̀ bí aṣọ àwọ̀sùn. Mo fọ̀ ọ́ nígbà mẹ́sàn-án. Ó ní bí ilé ẹ̀kọ́ bá tún wọlé lọ́dún tó ń bọ̀, kí n máa mú ọmọ wá ṣáájú àwọn tó kù, kí kílásì tó hó, kí ó máa jókòó síbi ògiri, kí ẹnikẹ́ni má máa fara kàn án lẹ́yìn. Ó ní kí ó máa dúró ti ẹni tó ń lu agogo, kí ó máa rí ọwọ́ tó ń lọ sókè kí irin tó dún. Fàtímọ̀ rán àpò aṣọ kékeré kan, ó rọ gààrí kún un, kí Hàfísátù máa gbé e lé itan nínú kílásì. Àwọn ọmọ ń pè é ní “Onígààrí.” Ó dá wọn lóhùn pé, “Ẹni tó bá fẹ́ mu, kó lọ gbé ṣúgà wá.” Ìwọ gan-an ni! Ohùn rẹ gan-an ni!

Èmi náà jókòó sábẹ́ máńgòrò láti òwúrọ̀ dé ọ̀sán, ojoojúmọ́, fún oṣù mẹ́ta. Bí wọ́n bá lu irin yẹn, èmi ni mo máa ń ta gìrì ju ọmọ lọ. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ ló ń lù ú. Ó yege lópin ọdún. Ìyá Ṣàkírù, ó ń kàwé! Ó ka orúkọ rẹ lára pátákó tí Ṣàkírù rì sí orí sàréè rẹ.

Ẹ̀rù tí mo wí wá nìyí. Wọ́n ti gbé Madámù Clémentine lọ sí òkè lọ́hùn-ún, ọ̀nà rẹ̀ jìn. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ wọlé, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Banigbé ló máa kọ́ kílásì kejì. Mo lọ bá a nílé rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sí ìwé kan, ti agogo, ti ògiri, ti àpò gààrí, pé kí ó má di ọmọ náà lápá mú lójijì. Ó fi ọ̀wọ̀ gbà á. Ó ní, “Bàbá, ọmọ mẹ́rìnléláàádọ́ta ni wọ́n kó fún mi. Màá gbìyànjú.” Ó ká ìwé náà, ó fi í sápò ṣòkòtò. Mo wo àpò náà títí. Mi ò mọ̀ bóyá á kà á.

Bí kò bá kà á ńkọ́? Bí ó bá gbé pàṣán, bí èmi náà ti gbé e? Bí ọmọ bá tún sá jáde sí títì yẹn? Mo ti pé ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Bí n kò bá sí mọ́, ta ni yóò máa sáré lọ wo kànga?

Lánàá, Hàfísátù wá dúró níwájú mi. Ó ní, “Bàbá àgbà, ẹ má tún wá jókòó sábẹ́ igi lọ́dún yìí. Àwọn ọmọ máa ń wò yín. Ẹnu ọ̀nà ni kí ẹ ti padà, mo fẹ́ dá wọ kílásì.” Mo ní mo ti gbọ́. Mo rìn lọ sẹ́yìn ilé, mo di ògiri ilé tuntun yẹn mú.

Màá padà lẹ́nu ọ̀nà, Ràhímátù. Ó ti wí i, màá ṣe é. Ṣùgbọ́n n kò mọ bí a ti ń yí ẹ̀yìn padà sí i mọ́. Ìwọ ni ì bá kọ́ mi, ìwọ ni ò sí.

Ọdún méjìdínlógójì la fi jẹ́ tọkọtaya, mo sọ̀rọ̀ oko fún ọ, mo sọ̀rọ̀ ilé fún ọ, n kò sọ èyí fún ọ rí. Níwájú gbogbo àwọn ọmọ rẹ, mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ nígbà náà, mo nífẹ̀ẹ́ rẹ lónìí. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ibi tí o wà tutù, kí ó dákẹ́ rọ́rọ́. Àárò rẹ ń sọ wá, èmi ló ń sọ jù.

Bàbá Ṣàkírù, ní Ifangni, pẹ̀lú gbogbo ilé