Mọ́tò Ìyá Yín Kò Pààrọ̀ Gíà

Àkọ́bí mi,

Ìyá yín kú ní Ọjọ́rú kan, oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn, kí aago mẹ́wàá àárọ̀ tó lù. Ẹ́ńjìnnì mọ́tò rẹ̀ wà ní títú sílẹ̀ lórí tapólì ní ẹ̀yìnkùlé lọ́jọ́ náà. Èmi ni mo tú u. Mo sọ fún ẹ̀yin ọmọ pé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ni mọ́tò wà. Irọ́ ni. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mo fi ní kí télọ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé wa bá mi kọ lẹ́tà yìí. Mo ti kìlọ̀ fún un kó má fi iyọ̀ sí i.

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Ṣé ara yín le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹ rí ohun tí ẹ ò lè gbé. Ara tèmi le, orúnkún nìkan ló ń bá mi jà, mo sì ti ní kó máa jà lọ. Ajá ti bímọ mẹ́rin. Òrùlé ò jò.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Mọ́tò náà ń gbóná, ìyá yín ní kí n gbé e lọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. Mo ní ta ló mọ ẹ́ńjìnnì ju èmi tí mo fi ogójì ọdún tún ẹ̀rọ tó ń lọ àgbàdo ṣe? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àgbàdo kì í wọ mọ́tò. Mo tú u lọ́jọ́ Ajé. Nígbà tó di Ọjọ́rú, ó ń fọ abọ́ lọ́wọ́, ó ní orí ń fọ́ òun, ó jókòó sórí àpótí, kò dìde mọ́. Mo sáré lọ bẹ oníbúrẹ́dì kó fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé wa. Ó kọ́kọ́ já búrẹ́dì sílẹ̀ ná. Nígbà tá a fi máa dé ọsibítù, ẹ̀mí ti bọ́ lára rẹ̀. Dókítà ní iṣan inú orí ló bẹ́, pé ká tiẹ̀ ní a fò débẹ̀, ibì kan náà ni ì bá já sí. Mi ò mọ̀ bóyá òótọ́ ló sọ tàbí ojú mi ló wò.

Mi ò fọwọ́ kan mọ́tò náà fún oṣù mẹ́fà. Bátìrì rẹ̀ wà lábẹ́ ibùsùn mi. Nígbà tó yá, mo tò ó padà. Wáyà kan ṣẹ́kù, rọ́bà aláwọ̀ eérú ló wà lẹ́nu rẹ̀, mi ò rí ibi tó ń lọ. Kò sí ẹ̀rọ àgbàdo tí mo tún ṣe rí tí nǹkan kan kì í ṣẹ́kù, ó sì máa ń lọ̀ ọ́ kúnná ni. Mo ká wáyà náà, mo fi okùn so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan kó má bàa máa fì. Mo yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ́ńjìnnì dáhùn. Mo sunkún díẹ̀. Télọ̀, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ kò rìn bó ṣe yẹ. O mọ̀ pé mọ́tò ìyá yín kò ní kílọ́ọ̀ṣì, fúnra rẹ̀ ló ń pààrọ̀ gíà. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́, á máa ké bí ẹni tí olè ń jà, kò sì ní kúrò lójú gíà kan ṣoṣo. Mo bọ́ sílẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Mo rò pé ó mọ ohun tí mo ṣe ni.

Àbúrò rẹ ọkùnrin ní ká tà á fún àwọn onírin. Sátidé tó ń bọ̀ ni ẹni tó fẹ́ rà á máa wá. Mo wá lọ pe onígíà. Ó wo ẹ́ńjìnnì, ó ní baba, ta ló tú eléyìí? Mo ní ọ̀rẹ́ mi kan ni. Ó ní kí ọ̀rẹ́ mi má fọwọ́ kan ohun tó bá ju kẹ̀kẹ́ lọ mọ́. Mo ní màá jíṣẹ́.

Ó fa ọ̀pá kan jáde láti wo òróró gíà, ó ní ó dúdú díẹ̀, ó tó pààrọ̀, ṣùgbọ́n kò jóná. Ó wá ki ẹ̀rọ kékeré kan bọ abẹ́ sítíárì, lẹ́tà kan àti nọ́ńbà mẹ́rin jáde lójú rẹ̀, ó ní mọ́tò ló ń sọ ohun tó ń ṣe é. Nígbà tó lọ mú irinṣẹ́, mo ní kí télọ̀ fi fóònù rẹ̀ pe nọ́ńbà náà, kí n fẹnu ara mi bẹ ẹni tó bá gbé e. Obìnrin kan ní nọ́ńbà tí mo pè kò sí. Mo kí i dáadáa, mo ní kó tún un wò, ó tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ. Ọkàn rẹ̀ le.

Onígíà rí wáyà tí mo so. Ó ní ibẹ̀ ni gíà ti ń gbọ́ bí eré ṣe pọ̀ tó, pé gíà tí kò bá gbọ́ nǹkan kan á wonkoko mọ́ ojú kan kó má bàa ba ara rẹ̀ jẹ́. Ó ki í bọ ihò rẹ̀, mọ́tò rìn, ṣùgbọ́n ó ṣì ń jù mí síwájú sẹ́yìn bó bá ń pààrọ̀. Ó ní ìyẹn ò le. Ó ní irú gíà yìí máa ń kọ́ ẹsẹ̀ ẹni tó ń wà á, ọdún mọ́kànlá ló sì fi kọ́ ti ìyá yín, pé yíyọ tí mo yọ bátìrì ló jẹ́ kó gbàgbé. Kí n máa wà á jẹ́jẹ́, yóò kọ́ tèmi.

Mo pa á, mo bọ́ sílẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn. Ẹsẹ̀ tó gbé ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ síléèwé, kí n wá jókòó kí n fi tèmi rọ́pò rẹ̀? Lẹ́yìn ohun tí mo ṣe?

Bá mi ra òróró gíà jálá mẹ́rin, èyí tó dáa kò sí níbí, kó o sì mú owó iṣẹ́ onígíà dání. Má fi rán ẹnikẹ́ni, gbé e wá fúnra rẹ kó tó di Sátidé. Bó o bá dé, pe àwọn àbúrò rẹ jọ, sọ ibi tí mọ́tò wà lọ́jọ́ yẹn fún wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti pè wọ́n láti sọ ọ́, ọ̀rọ̀ òjò ni mo sọ. Bí inú bá bí wọn sí mi, má bá mi ṣìpẹ̀. Bí wọ́n bá ní ká tà á, ẹ tà á. Bí ìwọ bá sì fẹ́ wà á, jókòó síbẹ̀, kó kọ́ ẹsẹ̀ tìrẹ.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ọwọ́ rẹ ṣe ohun tí ẹnu rẹ ò ní lè sọ. Àwọn ọmọ rẹ yóò bá ọ kalẹ́. Èmi ti sọ tèmi. Ìwọ ni àgbà wọn, ó kù sọ́wọ́ rẹ.

Bàbá rẹ ni.