Ẹ̀kán Omi Orí Ewé Hafeez

Òkè-Agbède,
Ọjọ́ kejì Jímọ̀, oṣù kọkànlá.

Hafeez ọmọ mi,

Àsàlámù àlékúmù. Mo kí ọ, mo kí òtútù tó wà lọ́dọ̀ yín, mo kí bọ́ọ̀sì tó ń gbé ọ lọ síbi iṣẹ́ àti ẹni tó ń wà á. Ọlọ́run Ọba kò ní jẹ́ kí yìnyín yọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀, kò sì ní jẹ́ kí nǹkan òyìnbó gbà ọ́ lọ́kàn débi tí o ó fi gbàgbé orúkọ bàbá rẹ. Àlàáfíà la wà. Ewúrẹ́ dúdú ti bí ìbejì, orúnkún ìyá rẹ sì ti ń gbọ́ oògùn díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ewé ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Ọdún kejì rèé tí o ti dé Kánádà, tí a ń retí àwòrán rẹ kí ìyá rẹ lè mọ̀ bóyá o sanra. Ewé lo ń fi ránṣẹ́. Ewé pupa, ewé yẹ́lò, ewé tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán, o sì sún mọ́ ọn débi pé a ń rí iṣan ara rẹ̀ bíi ti ọwọ́ arúgbó. Ìyá rẹ ní bóyá bí àwọn ará Toronto ṣe ń kí ara wọn nìyẹn, ó ní kí n já ewé ìbẹ́pẹ kan kí n fi àwòrán rẹ̀ dá ọ lóhùn. Mo ní kó fi mí sílẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ṣe wolé-wolé ní káńsù, bí mo bá rí ewé gbígbẹ tó pọ̀ tó báyẹn lágbàlá ẹnikẹ́ni, ìwé ìpẹ̀jọ́ ni mo máa kọ fún onílé.

Nígbà tí o wá kọ ọ́ sí wásáàpù pé o ti kírọ́ọ̀pù ewé àná, inú mi dùn, torí mo mọ kírọ́ọ̀pù. Irè oko ni. Ohun tí àwọn ará ọ́fíìsì àgírìkọ́ ń pe kòkó àti ẹ̀gẹ́ nìyẹn. Mo wá rò pé o ti dá oko síbẹ̀ láìsọ fún wa. Mo gbé fóònù lọ bá Adégòkè, ọ̀gá àgírìkọ́ tó ń wá wo kòkó wa. Ó wo ewé rẹ títí, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wò ó, ó ní àrùn ni, òun ò tíì rí oko tó bàjẹ́ tó báyẹn rí. Ìdí nìyẹn tí mo fi pè ọ́ tí mo ń pariwo pé kí o dáná sun oko, tí ìwọ sì ń fi Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀ mí. Èmi ò bí ọ ní Gẹ̀ẹ́sì.

Hikmat, ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ tó jẹ́ tíṣà, ló là mí lóye. Ó ní kò sí oko kankan, pé kírọ́ọ̀pù ni kéèyàn gé ibi tí kò fẹ́ kí ayé rí kúrò lára àwòrán. Ó ní ẹ́díìtì tí o tún kọ síbẹ̀ ni kéèyàn bu pupa kún ewé, kó sì sọ gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ di kùrukùru. Ọ́díìtì lèmi ti pè é, mo ti ń gbàdúrà kí àwọn ọ́dítọ̀ má rí nǹkan kan mú ní ọ́fíìsì rẹ. Mo bi Hikmat pé kí ló wá wà nínú kùrukùru yẹn. Ó ní òun ò mọ̀.

Ibẹ̀ la wà tó fi ìka méjì fẹ ewé pupa kan tí omi kán sí lórí. Ó fẹ̀ ẹ́, ó fẹ̀ ẹ́, ló bá na fóònù sí mi. Mo gba fóònù. Hafeez, ìwọ ni mo rí nínú ẹ̀kán omi yẹn. O wọ jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ọsàn tó ní ìlà dídán, irú èyí tí àwọn tó ń gbá títì ń wọ̀, àwọn tírélà sì tò lọ lẹ́yìn rẹ bẹẹrẹ. Ọ́fíìsì onígíláàsì tí o sọ fún wa pé o ti ń ṣe máníjà dà? O kun ewé, o gbàgbé omi.

Mo rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dé. Ìyá rẹ kò rẹ́rìn-ín. Ó gba fóònù, ó ní ọmọ òun rèé, ó ti rù. Ó ń fi etí ìborùn rẹ̀ nu ojú fóònù bí ẹni ń nu ojú ọmọ.

Nígbà tí a pè ọ́, o kọ́kọ́ ní ọ̀rẹ́ rẹ kan ni. Ìyá rẹ ní ọ̀rẹ́ wo ló gbé etí bàbá rẹ lọ. O wá sọ pé ìlú Bolton lẹ́bàá Toronto lo ti ń ṣiṣẹ́, ní ilé ìkẹ́rùsí, páálí lo ń gbé láti àárọ̀. O ní igi kan ṣoṣo ló wà létí ibi tí wọ́n ń páàkì mọ́tò, ìdí rẹ̀ lo ti ń sinmi fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọjọ́ tí o bá sì rí ewé tó dára, iṣẹ́ ọjọ́ náà kì í gùn jù. Mo ní káàdì fóònù mi ti tán. Káàdì ò tán.

Nígbà tí o ti sọ tìrẹ, jẹ́ kí n sọ tèmi. Òrùlé tuntun tí o fi owó rẹ̀ ránṣẹ́, tí a ya àwòrán rẹ̀ fún ọ nígbà ààwẹ̀, iwájú ilé nìkan ló ní páànù. Ẹ̀yìn ṣì ń jò sórí bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ. Owó tó kù ni mo fi wé láwàní Balógun Àdínì, torí wọ́n ní bàbá máníjà Kánádà kò gbọdọ̀ máa jókòó sẹ́yìn ní mọ́ṣáláṣí. Mi ò tíì sọ fún wọn pé máníjà ti di alápáálí, mi ò sì ní sọ, torí láwàní náà bá mi lórí mu.

Fi àwòrán ara rẹ ránṣẹ́, láti fìlà dé bàtà, pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì yẹn, má bu pupa kankan sí i. Ìyá rẹ ní kí o jẹun kí o tó yà á. Bí ọwọ́ rẹ bá sì dẹ̀, fi owó páànù ẹ̀yìn ilé kún un, ṣùgbọ́n Hikmat ni kí o fi ránṣẹ́ sí, má fi sọ́wọ́ mi, torí mo gbọ́ pé oyè mìíràn tún ti ṣí sílẹ̀.

Ọlọ́run á sọ páálí di fúlẹ́fúlẹ́ lọ́wọ́ rẹ, á sì gbé ọ dé ipò tí mo ti ń fi ọ́ sí ní mọ́ṣáláṣí láti ọdún méjì. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Àlàmú, Balógun Àdínì.